Ẹsẹ̀ tó dúró, ìwé tó fà sẹ́yìn: ohun tí Kòrónà ṣe sí ìrìn ojoojúmọ́ àti ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa

Bí èèyàn bá fi èsì ìdánwò WAEC nìkan díwọ̀n ohun tí àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà ṣe sí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà, yóò sọ pé kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ní ọdún 2019, kí àrùn náà tó dé, ìdá 64.18 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó jókòó ṣe ìdánwò náà ló gba kírẹ́díìtì nínú iṣẹ́ márùn-ún ó kéré tán, tí Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò sì wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2020, lẹ́yìn tí ilé-ẹ̀kọ́ ti wà ní títì pa fún ọ̀pọ̀ oṣù, iye yẹn gòkè díẹ̀, ó di 65.24. Nígbà tó fi máa di 2021, ó ti fò sókè dé 81.7. Àwọn kan wo èyí, wọ́n ní ṣebí ariwo lásán ni gbogbo èyí tí à ń pa lórí ẹ̀kọ́ tó sọnù.

Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí àrùn náà mú lọ kò sí lára àwọn tó ń kàwé jáde ní ọdún náà, ó wà lára àwọn kékeré tí kò sẹ́ni tó yára pè padà sí kíláàsì. Ibi tó sì ti bẹ̀rẹ̀ ni ibi tí ọ̀pọ̀ òbí kò wò rárá, ìyẹn ìrìn ojoojúmọ́ ọmọ: aago tó ń jí, ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbé e lọ, iye wákàtí tó fi ń jókòó sójú kan, àti ìgbà tó ń sùn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rántí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ, torí pé ọ̀pọ̀ wa ti gbàgbé bó ṣe pẹ́ tó. Ọjọ́ 27 oṣù Kejì, ọdún 2020, ni àyẹ̀wò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àrùn náà ti wọ Nàìjíríà, lára ọmọ ilẹ̀ Ítálì kan tó gba Èkó wọlé, tó sì ti dé ìpínlẹ̀ Ògùn. Kò tó oṣù kan sí i tí àṣẹ fi jáde pé kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ti ilẹ̀kùn. Ní aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Àbújá, kò sì rọjú títí di ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún, nígbà tí ìséde alẹ́ rọ́pò rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ọjà ń ná, bọ́ọ̀sì ń kó èrò, àmọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kò ṣí.

Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kọ́kọ́ dá a lábàá láti ṣí: ọjọ́ 6 oṣù Keje ni wọ́n pe àwọn ọmọ Pámárì 6, JSS3 àti SS3 wọlé. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́ nígbà náà, Adamu Adamu, sọ pé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ kò ní ṣí, wọn kò sì ní ṣe ìdánwò WAEC ọdún náà. Kí oṣù náà tó parí, ìjọba ti yí ohùn padà. Àwọn SS3 wọlé ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ, ìdánwò sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17. Èyí túmọ̀ sí pé, yàtọ̀ sí àwọn ìpínlẹ̀ tó ti ṣíwájú, ọ̀sẹ̀ méjì péré ló wà láàárín ìgbà tí ọmọ padà rí olùkọ́ rẹ̀ àti ìgbà tó jókòó síwájú ìwé ìdánwò tí ó máa pinnu bóyá yóò wọ yunifásítì.

Àwọn yòókù dúró pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Èkó, ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ni JSS3 àti SS2 ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba padà. Àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dúró di oṣù Kẹwàá, wọn kò sì tíì fìdí múlẹ̀ tí ìwọ́de EndSARS àti rògbòdìyàn tó tẹ̀lé e fi tún dá wọn padà sílé di oṣù Kọkànlá. Lẹ́yìn ìsinmi Kérésì, ìgbì kejì àrùn náà sún ìwọlé sí ọjọ́ 18 oṣù Kìíní, ọdún 2021. Ọ̀rọ̀ àwọn tó wà ní yunifásítì ìjọba tún burú ju èyí lọ, nítorí pé ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ti gùn lé ìyanṣẹ́lódì láti oṣù Kẹta 2020, ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ọdún Kérésì ni wọ́n sì tó dá a dúró. Àrùn ti ilẹ̀kùn iwájú, ìyanṣẹ́lódì ti ti ẹ̀yìnkùlé.

Kí ni ohun náà gan-an tó wá sọnù? Ẹ wo ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ayé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní Ìbàdàn tàbí Agége. Yóò jí kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, yóò gbálẹ̀, yóò pọnmi, yóò wẹ̀, yóò wọ aṣọ, yóò sì fẹsẹ̀ rìn lọ, nítorí pé owó ọ̀kadà tàbí kẹ̀kẹ́ Márúwá kì í sábà sí nílẹ̀. Bó bá débẹ̀, yóò gbá apá ọgbà tí wọ́n pín fún kíláàsì rẹ̀. Bó bá pẹ́ dé, koríko ń dúró dè é. Yóò tò sórí ìlà, yóò kọrin, yóò pàtẹ́wọ́, yóò sì yan wọ kíláàsì. Bí agogo ìsinmi bá lù, àwọn ọkùnrin á fi ike omi tí wọ́n ti tẹ̀ pẹlẹbẹ gbá bọ́ọ̀lù láàárín òkúta méjì, àwọn obìnrin á ta tẹ́ńtẹ́ń, wọ́n á fo okùn títí ẹ̀mí á fi fẹ́ẹ̀ bọ́. Lọ́sàn-án, ọ̀nà tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ lè gbà wọ́n ní wákàtí kan, torí pé eré àti àròyé kún un. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó mọ̀ pé ìdárayá lòun ń ṣe, kò sì sí lórí tàbílì àkókò ẹ̀kọ́ kankan, àyàfi pírííọ̀dù kan tí olùkọ́ ìṣirò sábà máa ń gbà.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa ṣe ohun tó ń mú àyà lù kíkankíkan fún ìpíndọ́gba ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́. Àrùn náà kò sì bá ayé ní ipò tó dára lórí èyí. Ìwádìí kan tí àjọ náà gbé jáde ní ìparí ọdún 2019, tó kó àbájáde láti ọ̀dọ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mílíọ̀nù 1.6 jọ ní orílẹ̀-èdè 146, fi hàn pé ìdá 81 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọ̀dọ́ tó wà láàárín ọdún 11 sí 17 ni kò tó ìwọ̀n yẹn. Tàwọn ọmọbìnrin ló burú jù: ìdá 85, nígbà tí tàwọn ọmọkùnrin jẹ́ 78. Ìwọ̀nba ìrìn tó kù fún àwọn ọmọ, ilé-ẹ̀kọ́ ló ń fún wọn ní èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ pa, wọ́n ti ìyẹn náà mọ́ ọn.

Kónílé-ó-gbélé kò bá gbogbo ọmọ bákan náà o, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àlàyé tí mo ti gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí ti máa ń ṣìnà. Ọmọ tó ń gbé inú ẹ́sítéètì tó ní géètì, tí jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn ilé rẹ̀, ni ìtàn tí wọ́n ń sọ jù bá mu: ó jókòó, ó jẹun, ó tẹ fóònù, ó wo fíìmù títí di òru, ó sì sùn di aago mọ́kànlá àárọ̀. Ọmọ tó ń gbé ilé olójúlé mẹ́wàá ní Muṣin tàbí Bẹẹrẹ kò ráyè jókòó bẹ́ẹ̀, nítorí pé yàrá kan ṣoṣo ni ìdílé rẹ̀ ní, ooru kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró sínú rẹ̀ lọ́sàn-án. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ojú títì ni wọ́n wà. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ kò rìn, àwọn ọ̀dọ́ sọ àwọn títì ńlá Èkó di pápá bọ́ọ̀lù, tí ọlọ́pàá bá dé wọ́n á fọ́n ká, tó bá lọ wọ́n á tún padà.

Ẹgbẹ́ kẹta ni àwọn tí ìrìn wọn kò dín kù rárá, tó jẹ́ pé ńṣe ló pọ̀ sí i. Nígbà tí owó tán nílé tí ọjà sì ṣí ní oṣù Karùn-ún, ọ̀pọ̀ òbí rí i pé ọmọ wà nílé láti àárọ̀ dé alẹ́, wọ́n sì gbé igbá lé e lórí. Omi inú ọ̀rá, ìbòmú tí wọ́n rán ládùúgbò, ẹ̀pà, búrẹ́dì, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kiri. Bí a bá so ẹ̀rọ tó ń ka ìrìn mọ́ ìdí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, yóò ka iye tí ọmọ Lọ́ńdọ̀nù kankan kò lè rìn. Àmọ́ ẹ̀rọ náà kò ní sọ fún wa pé oòrùn ló pa á, pé ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá ẹni tó lè ṣí ìwé lálẹ́, àti pé owó tó ń mú wálé ló máa mú kó ṣòro fún ìyá rẹ̀ láti dá a padà sí ilé-ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ tí géètì bá ṣí.

Àwọn gende wà tí ọ̀sán àti òru wọn yí po. Ní oṣù Kẹrin 2020, ẹ̀rù àwọn ẹgbẹ́ adigunjalè tí wọ́n ń pè ní One Million Boys àti Awawa Boys gba àdúgbò káàkiri, láti Agége àti Alákùkọ títí dé Sàngó-Ọ̀tà. Àwọn ọmọkùnrin tó yẹ kí wọ́n máa múra ìdánwò dáná sun táyà ní ìkòríta, wọ́n fi igi àti àdá ṣọ́ àdúgbò mọ́jú, wọ́n sì sùn nígbà tí ẹ̀kọ́ orí rédíò ń lọ lọ́wọ́.

Ní àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ àti owó láti fi ka irú nǹkan wọ̀nyí, iye tó jáde bá ìtàn ọmọ ẹ́sítéètì mu. Ìwádìí kan tó pa àbájáde ìwádìí 22 pọ̀, tó jáde ní ọdún 2022, fi hàn pé ìdárayá àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ dín kù ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lásìkò àrùn náà. Òmíràn lọ́dún kan náà rí i pé àkókò tí wọ́n ń lò níwájú fóònù, tẹlifíṣọ̀n àti kọ̀ǹpútà lé ní ìṣẹ́jú 84 lójúmọ́. Ní Sípéènì, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 kò gbọdọ̀ yọjú síta rárá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, títí di ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin 2020. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti máa ń wọn àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ́dọọdún, iye àwọn ọmọ ọdún mẹ́wàá sí mọ́kànlá tí wọ́n sanra dé ìwọ̀n tó léwu fò láti ìdá 21 sí 25.5 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún kan ṣoṣo.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú wọn ni iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní agbègbè Bristol, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà. Wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ ìdí àwọn ọmọ ọdún mẹ́wàá sí mọ́kànlá ní 2021, lẹ́yìn tí ilé-ẹ̀kọ́ ti ṣí, tí òfin sì ti rọlẹ̀. Ṣe ni èèyàn máa rò pé wọ́n á ti padà sí bí wọ́n ṣe wà. Ìdárayá wọn ṣì fi nǹkan bí ìṣẹ́jú méje sí mẹ́jọ dín lójúmọ́ sí ti àwọn ọmọ tí wọ́n wọ̀n kí àrùn tó dé. Nígbà tí wọ́n tún padà lọ ní 2022, ìdárayá ti padà bọ̀ sípò, àmọ́ ìjókòó kò padà: àwọn ọmọ náà ṣì ń jókòó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n tún ṣàkíyèsí pé ìdárayá tó padà náà ti ṣí kúrò lójú pópó, ó ti di ti ẹgbẹ́ eléré tí òbí ń sanwó rẹ̀. Òfin ti kásẹ̀ nílẹ̀, àṣà tó bí kò kásẹ̀ nílẹ̀.

Báwo wá ni ìrìn ṣe kan ìwé? Kì í ṣe pé ọmọ tó bá sáré ni yóò mọ ìṣirò. Ìwádìí ti fi hàn pé ọmọ tó bá ṣe ìdárayá máa ń fọkàn sí iṣẹ́ dáadáa ní àkókò tó tẹ̀ lé e, àmọ́ ìyẹn kéré nínú ọ̀rọ̀ náà. Èyí tó tóbi ni pé ìrìn lọ sílé-ẹ̀kọ́ ló ń to ọjọ́ ọmọ. Nítorí pé yóò rìn láàárọ̀, ó ní láti jí. Nítorí pé ó jí ní kùtùkùtù tó sì ṣeré lọ́sàn-án, oorun á kùn ún lálẹ́. Nítorí pé ó sùn, orí rẹ̀ á gbà á láti gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń wí. Bí a bá yọ ìrìn òwúrọ̀ kúrò, èyí tó kù á tú. Òbí tó bá gbìyànjú láti jí ọmọ rẹ̀ ní aago mẹ́fà fún ẹ̀kọ́ orí rédíò ní oṣù Karùn-ún ọdún náà mọ ohun tí mò ń wí.

Ìjọba sá gbogbo ipá wọn lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Èkó gbé ẹ̀kọ́ sórí afẹ́fẹ́, Ògùn ní DigiClass tirẹ̀ lórí OGTV, tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ náà, àwọn ìpínlẹ̀ yòókù náà ṣe tiwọn. Mi ò ní bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ yẹn, torí pé wọ́n ṣe é láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àmọ́ rédíò kì í gbọ́ ìbéèrè. Ọmọ tí kò lóye ìpín kò lè nawọ́ sókè, bí iná bá sì lọ láàárín ẹ̀kọ́, ó ti lọ náà nìyẹn. Ti fóònù tún le ju ìyẹn lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ìdílé, fóònù kan ṣoṣo tó lè wọ íntánẹ́ẹ̀tì ni ti ìyá tàbí ti bàbá, ẹni yẹn sì gbé e lọ sọ́jà láti aago méje. Ìgbà tó bá dé lálẹ́, tí bátìrì ti fẹ́ kú, ni ọmọ mẹ́ta máa tó kó ara wọn jọ sórí rẹ̀ láti da iṣẹ́ tí tíṣà fi sórí WhatsApp kọ sínú ìwé. Kíkọ ni wọ́n ń kọ ọ́, wọn kò kà á. Àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni náà ní ìṣòro tiwọn, nítorí pé nígbà tí òbí kò san owó ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí owó oṣù gbà, àwọn kan sì lọ wá iṣẹ́ mìíràn tí wọn kò padà kúrò nídìí rẹ̀.

Kò yẹ kó yà wá lẹ́nu, nítorí pé àwọn tó ní gbogbo nǹkan náà kò mú un jẹ. Ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì, níbi tó jẹ́ pé agbára káká ni ká tó rí ilé tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ péré ni wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pa ní ìgbà àkọ́kọ́. Ìdánwò tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó tì í àti lẹ́yìn rẹ̀ fi hàn pé ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ pàdánù tó ìdá kan nínú márùn-ún ọdún ẹ̀kọ́ kan, ìyẹn ni pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tí wọ́n kọ́ láti ilé. Àwọn ọmọ tí òbí wọn kò kàwé púpọ̀ pàdánù ju àwọn yòókù lọ, nígbà mìíràn ní ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwádìí ńlá kan tó jáde ní oṣù Kìíní 2023, tó kó iṣẹ́ 42 jọ láti orílẹ̀-èdè 15, fi ìpàdánù náà sí nǹkan bí ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ọdún ẹ̀kọ́ kan. Ní Sweden, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò ti tì, àwọn tó wo ìwé kíkà àwọn ọmọ kéékèèké kò rí ìpàdánù kankan. Ní Uganda, ọ̀pọ̀ ọmọ kò padà sí kíláàsì títí di ọjọ́ 10 oṣù Kìíní 2022, ó fẹ́ẹ̀ pé ọdún méjì.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, báwo ni èsì WAEC ṣe gòkè? Àkọ́kọ́, àwọn SS3 ni gbogbo ènìyàn sáré tọ́jú. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ pè wọlé, àwọn ni òbí wá owó lẹ́sìn, ìyẹn ẹ̀kọ́ àfikún, fún, kíláàsì wọn kò sì kún nítorí pé àwọn yòókù wà nílé. Ọmọ tó ti lo ọdún márùn-ún àti ààbọ̀ ní girama ti ní ohun tó lè dá kà. Ìkejì, ìdá àwọn tó gba kírẹ́díìtì kì í ṣe òṣùwọ̀n ẹ̀kọ́, ó máa ń gòkè, ó máa ń wálẹ̀, lórí bí ìbéèrè ṣe le tó, bí wọ́n ṣe máàkì rẹ̀, àti bí wọ́n ṣe ṣọ́ gbọ̀ngán. Lọ́dún 2020 nìkan, WAEC dá èsì àwọn tó lé ní 200,000 dúró nítorí ẹ̀sùn màgòmágó. Kì í sì í ṣe tiwa nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Wales àti Northern Ireland, nígbà tí ìdánwò kò ṣeé ṣe tí olùkọ́ sì fúnra rẹ̀ fún ọmọ ní máàkì, ìdá èsì A-level, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì níbẹ̀, tó jẹ́ A tàbí A* kúrò ní 25.4 lọ́dún 2019, ó di 44.8 lọ́dún 2021. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tó gbà pé àrùn ló sọ àwọn ọmọ di ọlọ́gbọ́n.

Ibi tó yẹ ká wò ni ìsàlẹ̀. Ní ọdún 2021, ìwádìí MICS, tí wọ́n fi ń wo ìgbé ayé àwọn ìdílé, tí NBS, àjọ oníṣirò ìjọba, àti UNICEF, àjọ àgbáyé fún àwọn ọmọdé, ṣe ní Nàìjíríà fi hàn pé nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn ọmọ ọdún 7 sí 14 kò lè ka gbólóhùn kékeré kó yé wọn, tàbí kí wọ́n ṣe ìṣirò tó rọrùn. Kì í ṣe Kòrónà nìkan ló fa ìyẹn, ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó wà ní Pámárì 1 ní oṣù Kẹta 2020, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pa lẹ́tà pọ̀ láti di ọ̀rọ̀, ni kò rí olùkọ́ fún oṣù mẹ́fà tàbí méje. Nígbà tó padà, Pámárì 2 ni ó bá ara rẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ fo sáà kẹta, wọ́n sì gbé ọmọ lọ sí kíláàsì tuntun lórí ohun tó ti ṣe ní sáà méjì àkọ́kọ́. Bí kò bá sí ìdíwọ́ kankan, ọdún 2031 ni ọmọ yẹn máa tó ṣe WAEC. Ẹni tó bá fẹ́ fi WAEC mọ ohun tí Kòrónà ṣe, kó dúró di ìgbà náà.

Ní báyìí, ohun tí mo ń rí ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí mo mọ̀ ni pé wọ́n ń fi ọ̀nà kan ṣoṣo wá ẹ̀kọ́ tó sọnù náà: wọ́n ń fi kún ìjókòó. Lẹ́sìn gba ọ̀sán títí di aago márùn-ún, lẹ́sìn gba ọjọ́ Sátidé, pírííọ̀dù ìdárayá sì di ti Gẹ̀ẹ́sì. Òbí tó bá lágbára díẹ̀ kò jẹ́ kí ọmọ fẹsẹ̀ rìn mọ́, bóyá torí ẹ̀rù àwọn ajínigbé tàbí torí pé kẹ̀kẹ́ ti di àṣà láti ìgbà tí wọ́n ti ń yẹra fún èrò. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ní Èkó kò tilẹ̀ ní ilẹ̀ tí ọmọ lè sá eré sí, ilé alájà mẹ́ta tí wọ́n fi ṣe ibùgbé tẹ́lẹ̀ ni, ibi tí wọ́n ń páàkì ọkọ̀ sí ni ọgbà. Ọmọ tó ń jókòó láti aago mẹ́jọ àárọ̀ di márùn-ún ìrọ̀lẹ́, tó tún délé jókòó ti fóònù, kò lè gbà ju ohun tí ọkàn rẹ̀ lè gbé lọ, bó ti wù kí wákàtí náà pọ̀ tó.

Ohun tí mo rò pé ó yẹ kò gba owó ńlá. Kí olùkọ́ kọ́kọ́ mọ ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan lè kà, láìka kíláàsì tó wà sí, kó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, nítorí pé lẹ́sìn Pámárì 6 kò lè wo àìsàn Pámárì 1 sàn. Kí wọ́n dá pírííọ̀dù ìdárayá padà fún ẹni tó ni ín. Kí òbí tí ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ kò jìnnà, tí ọ̀nà rẹ̀ kò sì léwu, jẹ́ kí àwọn ọmọ àdúgbò kó ara wọn jọ rìn lọ láàárọ̀, kí àgbà kan tẹ̀lé wọn, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ọ̀pọ̀ àdúgbò kí ilé-ẹ̀kọ́ tó tì.